Lẹ́yìn òrùka, ìgbà wo ló yẹ kí ètò ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè tó ń wọlé jù nìyí: bí ọkùnrin bá ti fi òrùka sí ọmọbìnrin lọ́wọ́, ṣé ọjọ́ kejì ni ká gbéra, àbí ká fara balẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ la fẹ́ o. Iye oṣù àti ìdí rẹ̀ la fẹ́ gbọ́.

Alága ìjókòó, Ìbàdàn

Òrùka kọ́ la fi ń ka oṣù nílẹ̀ wa. Ọjọ́ tí ẹbí ọkọ bá wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí àwọn òbí ìyàwó sì ní àwọn gbà, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹni tó bá ti sanwó gbọ̀ngàn kí àwọn àgbà tó jókòó, owó rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Ẹbí ìyàwó ló ń mú ọjọ́ ìdána, ẹ̀gbọ́n bàbá kan sì lè ní òun fẹ́ ṣe òkú ìyá òun lóṣù yẹn gan-an.

Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pàápàá: àyẹ̀wò genotype. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ tí wọ́n bá bí á jẹ́ SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde), bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é nílé àyẹ̀wò méjì, torí àṣìṣe máa ń wọ inú èsì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń béèrè fún un, àmọ́ nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá fi máa béèrè, aṣọ ẹbí á ti jáde. Ta ló máa láyà láti dá a dúró nígbà yẹn?

Láti mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí ìdána, oṣù 6 sí 8 tó. Bó bá jẹ́ Sátidé inú oṣù Kejìlá lẹ fẹ́, ní Èkó tàbí Ìbàdàn níbí, ẹ jẹ́ kó tó ọdún kan, torí gbọ̀ngàn. Ẹ má sì jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àkókò bá ti gùn jù, owó ọjà á ti yí padà, ẹbí méjèèjì á sì ti rí nǹkan tí wọ́n máa torí ẹ̀ bínú síra wọn.

Òṣìṣẹ́ kóòtù

Ẹ jẹ́ n fi ti òfin kún un, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń pẹ́ jù tàbí kí wọ́n yá jù. Bí ẹ bá fi ìwé ìkéde ìgbéyàwó sílẹ̀ ní rẹ́jísìrì, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí tí pásítọ̀ máa fi so yín pọ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ra lè wá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìkéde náà ò lágbára ju oṣù 3 lọ. Bí ìgbéyàwó kò bá wáyé láàárín oṣù 3 sí ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ó ti di òfo, ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó sì tún sanwó. Nítorí náà, oṣù 2 ṣáájú ọjọ́ yín ló dáa jù.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òfin ní kó wáyé láàárín aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ti rẹ́jísìrì jẹ́ aago 10 sí aago 4.

Ẹ béèrè iye oṣù tí ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó máa gbà lọ́wọ́ ìjọ yín kí ẹ tó mú ọjọ́, torí ó yàtọ̀ láti ìjọ sí ìjọ. Kátólíìkì àti Áńgílíkà kì í sábà gbà kéèyàn ṣe é nínú Lẹ́ǹtì. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ wo kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, kì í ṣe ti ọdún yìí: lọ́dọọdún, oṣù ààwẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Aláṣọ òkè, Ìṣẹ́yìn

Oṣù 3 ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, ó pẹ́ tán. Aṣọ tí a fọwọ́ hun ni mò ń sọ o. Aṣọ tó ń jáde lórí òfì kò fẹ̀ ju ìwọ̀nba íńṣì mélòó kan lọ, a ó wá gé e, a ó tò ó, a ó rán an pọ̀ kó tó di ìró tàbí agbádá. Òwú tí a ta síwájú òfì máa ń gùn lọ jìnnà lórí ilẹ̀, ẹrù wúwo la fi ń fà á le. Bí òjò bá ṣú, a ó ká a ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Keje, kó fi ọ̀sẹ̀ 3 kún iye tí mo sọ yẹn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni iye gèlè àti fìlà. Òwú tí wọ́n jọ rẹ láró pọ̀ nìkan ló ń bára mu pátápátá. Ẹ ka gèlè 60, a ra òwú gèlè 60. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ 3, ìyá ọkọ mú orúkọ 6 dé. Àwọ̀ wáìnì kan náà ni òwú tuntun náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú oòrùn, ẹ ó rí i pé ọ̀kan pupa ju ìkejì lọ. Fọ́tò ò ní fi í pa mọ́. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé iye yín látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ó rí ẹni rà á.

Màmá aláṣọ ẹbí

Tèmi ò rí bíi ti aláṣọ òkè. Ẹ má gbé léèsì tàbí àǹkárá jáde ní oṣù 6 ṣáájú. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, wọn ò ní sanwó. Ọ̀sẹ̀ 10 ni: ọ̀sẹ̀ 4 fún gbígba owó, ọ̀sẹ̀ 6 fún télọ̀. Yáàdì 5 ni léèsì ẹnì kan, 6 ni àǹkárá. Owó tó bá wọlé ni kẹ́ ẹ fi ra ọjà, ẹ má gbà á láwìn.

Alásè

Ẹ gba ìwé ẹrù ìyàwó lọ́wọ́ ẹbí ìyàwó ní oṣù 3 ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ iṣu 42, orógbó 42, obì 42, ataare, oyin, iyọ̀, àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì epo. Bí ìdána bá bọ́ sí oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà, iṣu ló máa yọ yín lẹ́nu. Iṣu àtijọ́ ti ń tán lọ́jà, ó gbówó, ó sì ti ń hù. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé lẹ́yìn rẹ̀ kún fún omi, kì í pẹ́ jẹrà, torí náà kò ṣeé rà pamọ́. Orógbó àti oyin ni kẹ́ ẹ tètè rà.

Àpò ìrẹsì kílò 50 máa ń tó nǹkan bí àwo 250 bí a bá wọn gíráàmù 200 ìrẹsì tí a kò tíì sè fún ẹnì kan. Lẹ́yìn iye tẹ́ ẹ pè, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un fún àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Kí ẹ tó fún wa lówó àsansílẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ta ló ń ra gáàsì, ta ló ń ra omi, ta ló ni oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù. Orí oúnjẹ tó ṣẹ́ kù yẹn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù.