Báwo la ṣe lè kọ́ ọmọ Mararaba àti Nyanya níṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní parí sórí fọ́tò àti sàtífíkéètì?

ÒgáUtako:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. A ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Utako l'Ábújá níbí, àwa mẹ́rìnlá la wà níbẹ̀, sọ́fítíwía là ń ṣe fún iléèwé àti àwọn tó ń ta oògùn. Lọ́dún tó kọjá mo ní káwa náà ṣe nǹkan fáwọn ọmọ tí ò rẹ́ni tì wọ́n lẹ́yìn, la bá mú ọmọ mẹ́fà láti Mararaba àti Nyanya létí ìlú, a kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fóṣù mẹ́ta, Sátidé Sátidé. A ṣe tíṣáàtì, a ya fọ́tò, a gbé e sórí LinkedIn, àwọn èèyàn kan sáárá sí wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló ṣì ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lónìí, ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ló sì gbà á, ilé ló jókòó sí tó ti ń bá wọn ṣe é.

Àwọn méjì ò wá mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n ni, àfìgbà tí mo pàdé ọ̀kan ní Berger tó ní owó ọkọ̀ ni o, pé láti Mararaba dé AYA ọ̀tọ̀, láti AYA dé Berger ọ̀tọ̀, ìyókù òun á fẹsẹ̀ rìn ín. Ojú tì mí.

Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ náà ti ní ká kúkú fi owó yẹn ra bátìrì sólà. Kí lẹ ti rí tó ṣiṣẹ́? Èyí tẹ́ ẹ fojú ara yín rí ni mò ń bi yín o.

AbẹPáànù:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. Ọmọ Mararaba lèmi náà, ẹ̀yìn Orange Market la wà. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, Sátidé Sátidé yẹn ló bà á jẹ́. Ọmọ tí ò ní láptọ́ọ̀pù nílé, ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ lónìí, tó bá máa fi di Sátidé tó ń bọ̀ ó ti fò lọ. Èmi orí fóònù ni mo ti kọ́ HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, mo máa ń kọ kóòdù sínú ìwé iléèwé mi lálẹ́, tí mo bá wá rí kọ̀ǹpútà ẹnì kan yá lọ́jọ́ kejì, màá tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀ wéré kí olówó ẹ̀ tó gbà á.

Ọ̀gá tó gbà mí ò ṣe kíláàsì kankan fún mi. Ó fún mi ní láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tí bátìrì ẹ̀ ti kú, tíná bá lọ òun náà lọ nìyẹn, ó wá ní kí n máa dúró ní ọ́fíìsì títí wọn á fi pa jẹnẹrétọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló gbé iṣẹ́ gidi lé mi lọ́wọ́: ilé oògùn kan ní Wuse, rìsíìtì wọn ń ka owó ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ibi tó ti bà jẹ́! Ọ̀gá mi ì bá ti tún un ṣe láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo mọ̀, àmọ́ kò gbà á lọ́wọ́ mi, ó kàn ń kọjá, á ní "ṣó o ti wo ibi tí wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀?" Bí rìsíìtì yẹn ṣe jáde dáadáa lọ́jọ́ kẹrin, mo mọ̀ pé mo ti di oníṣẹ́. Ó sì ń fún mi lówó díẹ̀ lóṣooṣù, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń san owó ọkọ̀, ó ń ra dátà, ìyá mi ò sì sọ pé kí n wá jókòó ti òun nídìí ọjà mọ́.

BàbáKóòdù_Kubwa:

Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ ta ló máa sanwó ẹ̀? Ẹ rántí Andela, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kóòdù nígbà yẹn, tó sì ń háyà wọn fún oníbàárà lókè òkun. 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń san owó oṣù fọ́mọ tí wọ́n ń kọ́, gbogbo wa là ń yìn wọ́n, nígbà tó di 2019 wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa lọ sílé torí oníbàárà ò fẹ́ wọn, àwọn tó ti gbówọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n lówó ju ẹ lọ o, ÒgáUtako. Èyí tó bá sì mú dáadáa lọ́dọ̀ ẹ, dọ́là á pè é, á sì jẹ́ ẹ. Ìjọba ti gbé 3MTT, ètò tí wọ́n fi fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, jáde láti 2023, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ wọn.

ÌyáAláṣọ_Dutse:

Ẹ má bínú o, èmi ò mọ kọ̀ǹpútà, aṣọ ni mò ń rán ní Dutse Alhaji, ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Ṣé ẹ ò kọ́ṣẹ́ rí ni? Ta ló ń fi Sátidé kọ́ṣẹ́? Ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ mi, òbí ẹ̀ á wá, a ó kọ ìwé àdéhùn, ọdún méjì, lẹ́yìn náà fúrídọ̀mù. Ó máa kọ́kọ́ máa já bọ́tìnnì, á máa lọṣọ, kó tó kan síṣọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà ló ń fọwọ́ kàn látọjọ́ kìíní, kì í ṣe àkísà. Tó bá ṣe fúrídọ̀mù tó sì lọ, ìyẹn ò dùn mí. Àwọn tó ti lọ lọ́dọ̀ mi ló ń gbé iṣẹ́ tó bá pọ̀ jù fún wọn lásìkò ọdún wá bá mi.

Ohun kan tún ni, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ wá wo ibi iṣẹ́ yín fúnra ẹ̀. Ìyá wo ló máa jẹ́ kọ́mọ ẹ̀ dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa pa jẹnẹrétọ̀?

AbẹPáànù:

Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ọkùnrin ni mí, mi ò tiẹ̀ ronú kan ìyẹn rárá.

HR_Garki:

BàbáKóòdù béèrè ẹni tó máa sanwó, ibì kan wà tí owó ti ń jáde lápò yín tẹ́lẹ̀. Òfin ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tí wọ́n san lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá wá kọ́ òṣìṣẹ́ yín níṣẹ́ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, ẹ lè gba tó ìdajì ẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń sanwó yìí bíi pé owó orí ni, wọn ò béèrè é padà rí. Ẹ kíyè sí i pé òṣìṣẹ́ ni mo wí o, torí náà ẹ kọ orúkọ ọmọ yẹn sínú ìwé owó oṣù.

Ẹ tún lọ wo ìkéde iṣẹ́ yín. Mo ti rí èyí tó ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú B.Sc wá pẹ̀lú ìrírí ọdún mẹ́ta! Níbo ló ti máa rí ìrírí ọ̀hún? Àwọn ọmọ iléèwé gíga tó ń ṣe SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, tó ń wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ṣé kì í ṣe àkàrà lẹ̀ ń rán wọn rà?

ỌmọYorùbá_Kaduna:

Mo rẹ́rìn-ín síbi àkàrà yẹn, torí wọ́n rán èmi náà.

Ní tèmi o, ẹ má kó wọn wá sí Utako, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá wọn. Kaduna níbí, mo kọ́ àwọn ọmọ kan, gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ ń sọ, wọ́n á kàn máa mi orí. Ọjọ́ tí mo fi Háúsá ṣàlàyé ẹ̀, ẹni tí mo ti rò pé orí ẹ̀ le ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

ÒgáUtako:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Màmá aláṣọ, ẹ ti bá mi wí, mo sì gbà. Èèyàn mẹ́fà ti di méjì, ọdún kan gbáko, orúkọ wọn á wọ ìwé owó oṣù, ọ̀kan á jẹ́ obìnrin, a ó sì kọ ìwé níwájú àwọn òbí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á máa lọlé, láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ ṣì gbéná dúró ló máa bá wọn lọ. BàbáKóòdù, tí wọ́n bá lọ lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n máa lọ, mo ti jẹ oúnjẹ ọdún kan lára iṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ Kaduna yẹn ti wọ̀ mí lára ṣá. Ta ló mọ ṣọ́ọ̀bù tó dáa ní Mararaba, tíná ẹ̀ ṣeé gbára lé díẹ̀, tí mo lè to tábìlì mẹ́ta sí?

AbẹPáànù:

Ọ̀kan wà létí títì, ó ní páànù tó lè gba sólà. Lánlọ́ọ̀dù ló ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ìyá mi bá a sọ̀rọ̀, wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.