Yìnyín ń yọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Yunifásítì kan l'Ákùúrẹ́ ni mo wà. Ibà Lassa ni mò ń ṣèwádìí rẹ̀ láwọn abúlé ẹ̀yìn Ọ̀wọ̀, níbi tí Oǹdó ti bá Èdó pààlà. Inú kúlà ni mò ń kó ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà sí. Kí n tó délé, omi lásán ló kù, àwọn ìgò á máa léfòó kiri. Mo bu iyọ̀ sí yìnyín: ẹ̀jẹ̀ dì gbagidi, ó bàjẹ́. Fíríìjì kẹ́míìsì abúlé ńkọ́? Iná kì í dúró.

Ara àwọn tí mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn yá, antibody (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń bá àrùn jà) nìkan ni mò ń wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí: tí mo bá kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, tó gbẹ, ṣé àyẹ̀wò ṣì máa gbé e jáde, àbí dandan ni kí n gbé sẹntirifúùjì (ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yí kíákíá kí omi ara rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀) lọ sóko?