Kì í ṣe gbogbo àsákọjá ni àsápajúdé: lórí orúkọ tí a ó fún ìwé ìtanràn ọ̀nà òkèèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé bí ọmọ Yorùbá kan bá háyà ọkọ̀ lókè òkun, tó wà á lọ sí ọ̀nà márosẹ̀, tí ìwé wá dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé kámẹ́rà ká a mọ́ ibi tó ti sáré ju bó ṣe yẹ lọ, kí ni kí á máa pe ìwé náà, kí sì ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀? (Márosẹ̀ ni mo ń lò fún ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ ti ń sáré, bí a tilẹ̀ ti jiyàn lórí orúkọ náà rí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ ìjà ìyẹn lónìí.) Àgbà kan láàárín wa dábàá "ìwé ìtanràn eré àsápajúdé", ọ̀pọ̀ sì ti ní àbá náà dáa. Kí àgbà má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ọn. Àsápajúdé ń dà mí láàmú, ìtanràn náà sì ń dà mí láàmú.

Ẹ jẹ́ ká tú àsápajúdé. Sá, pa, ojú, dé: eré tí èèyàn ń sá bí ẹni tó pa ojú dé. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni, ó sì dùn lẹ́nu oníròyìn, nítorí pé ó ti dájọ́ kó tó ròyìn. Bí a bá gbọ́ pé eré àsápajúdé ló fa jàǹbá, a ti mọ̀ pé awakọ̀ yẹn kò ro tara rẹ̀, kò sì ro ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ní kìlómítà 145 ní wákàtí kan ní ọ̀nà márosẹ̀ ilẹ̀ Faransé, níbi tí òfin ti gba 130 láyè, ojú rẹ̀ là kedere. Bí òjò bá ń rọ̀, 110 ni òfin ibẹ̀ gbà. Ẹni tó rọra ń lọ ní 125 lábẹ́ òjò wínníwínní ti lùfin, bẹ́ẹ̀ eré kan náà lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn kò kan ẹnikẹ́ni. Ní Nẹ́dálándì, aago ló ń pín in. Láti aago 6 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́, 100 ni ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀nà márosẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọ̀nà kan ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé awakọ̀ tó pa ojú dé ní aago 7 ku ìṣẹ́jú kan ni ojú rẹ̀ wá là nígbà tí aago 7 lù?

Àsákọjá ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Eré àsákọjá: eré tí a sá kọjá ibi tí wọ́n pààlà sí. Kò bú awakọ̀, kò sì yìn ín. Ẹnì kan ti fèsì pé "kọjá" ń rán èèyàn létí ẹni tó ti kọjá lọ sọ́run, pé kò dára kí á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ a máa ń sọ pé "ó kọjá àyè rẹ̀", "ó kọjá bẹ́ẹ̀", ikú kò sì sí níbẹ̀. Àǹfààní kejì ni pé àsápajúdé á wà nílẹ̀ fún ibi tó tọ́ sí. Ọ́stríà pàápàá ya méjèèjì sọ́tọ̀: láti oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá fi ohun tó ju kìlómítà 60 lọ kọjá àlà láàárín ìlú, tàbí ohun tó ju 70 lọ lẹ́yìn ìlú, ọlọ́pàá lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tún burú ju ìyẹn lọ, ọkọ̀ náà lè lọ pátápátá. Àsápajúdé nìyẹn. Bí a bá ti ná ọ̀rọ̀ náà tán sórí ẹni tó fi kìlómítà 8 ṣìṣe, kí ni a ó fi pe eléyìí?

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká yéé pe àlà eré ní "òpin eré". Òpin eré ọkọ̀ ni ibi tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ. Gbèdéke ló tọ́, nítorí ẹnì kan ló ń fi gbèdéke lélẹ̀, ẹni náà sì lè sún un. Jámánì ló là mí lójú sí ìyàtọ̀ yìí. Gbogbo ayé ló ń sọ pé kò sí gbèdéke ní Autobahn, ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀. Òótọ́ ni níbi tí wọn kò gbé àmì sí, ibi tí wọ́n gbé e sí sì pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1978 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gba awakọ̀ níyànjú pé kó má ṣe kọjá 130. Ìmọ̀ràn ni. Ẹnikẹ́ni kò ní kọ̀wé sí yín torí pé ẹ sá 160 níbi tí kò sí àmì. Bí jàǹbá bá wáyé ni ọ̀rọ̀ ń yí, torí adájọ́ lè ní kí ẹ ru díẹ̀ nínú ìnáwó rẹ̀ nítorí pé ẹ kọjá ìmọ̀ràn, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ lù yín. A nílò orúkọ méjì, nígbà náà: gbèdéke eré, àti eré ìmọ̀ràn. Ẹni tó bá kọ "gbèdéke 130" fún Autobahn parọ́. Ẹni tó kọ "kò sí gbèdéke", tó wá dákẹ́ síbẹ̀, fi òótọ́ tan èèyàn jẹ.

Ìtanràn wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò ní sọ ọ́ nù. Wàhálà rẹ̀ ni pé a ti sọ ọ́ di àpò tí a ń kó gbogbo owó tó bá ti dunni sí. Ọ̀rẹ́ mi kan háyà ọkọ̀ ní Ítálì. Nígbà tó délé, wọ́n yọ owó díẹ̀ nínú káàdì rẹ̀, ìwé tó tẹ̀lé e sì ní torí ẹ̀ṣẹ̀ ojú ọ̀nà ni. Ó bi mí. Èmi tí mò ń pe ara mi ní atúmọ̀ èdè dá a lóhùn pé, "Owó ìtanràn ni. Wọ́n ti gbà á, ọ̀rọ̀ tán." Ọ̀rọ̀ kò tán. Owó tí ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ gbà kì í ṣe ìtanràn rárá. Owó iṣẹ́ wọn ni, torí pé wọ́n fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn agbófinró. Ìtanràn gan-an ṣì ń bọ̀. Ọjọ́ 360 ni òfin Ítálì fún wọn láti fi ìwé tẹ ẹni tó ń gbé lókèèrè lọ́wọ́, torí náà ọ̀rẹ́ mi ti gbàgbé ìrìn àjò yẹn kó tó rí i. Ìwé náà ní bó bá san án láàárín ọjọ́ márùn-ún, ìdá 30 nínú 100 yóò kúrò níbẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni, ó bá jù ú sápá kan. Ìgbà tó fi padà mú un, ọjọ́ márùn-ún ti lọ. Kò bínú sí mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń wo "ìtanràn" tìfura-tìfura.

Ẹ padà wo Jámánì, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ yìí wẹ́wẹ́. Èyí tí kò ju yúrò 55 lọ, Verwarnungsgeld ni, owó ìkìlọ̀. Ẹ san án láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó parí síbẹ̀. Láti 60 sókè, Bußgeld ni. Buße tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìrònúpìwàdà, débi pé ẹni tó bá ń ṣàwàdà lè pè é ní owó ètùtù! Ìwé tirẹ̀ fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì láti sọ pé ẹ kò gbà. Ẹ̀kẹta ni Geldstrafe. Ilé ẹjọ́ ló ń dá ìyẹn, fún ọ̀daràn. Bí a bá túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìtanràn, a ti ti ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ọ̀ràn mọ́ inú yàrá kan. Mo dábàá owó ìkìlọ̀, owó ìtanràn, owó ìjìyà. Ìjìyà le létí. Ó yẹ kó le.

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí bóyá èdè Jámánì ni mo fẹ́ fi tún Yorùbá ṣe. Rárá o. Àwọn Faransé kò gé e bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, orúkọ kan ni, àkókò ló ń yí iye rẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ tí owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 135 á di 90 fún ẹni tó tètè san án, á di 375 fún ẹni tó jẹ́ kó pẹ́. Níbẹ̀, ìtanràn ti tó, kí á ṣáà fi àdínkù tàbí àlékún tì í lẹ́yìn. Ohun tí mò ń sọ kò ju pé kí orúkọ jẹ́ kí ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ mọ ohun tó fẹ́ dé bá òun.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-fún-ọ̀rọ̀ kì í gbà wá sílẹ̀ níbẹ̀. Päiväsakko ni wọ́n ń pe irú ìtanràn kan ní Fínlándì. Päivä ni ọjọ́, sakko ni ìtanràn, ẹnì kan sì ti yára kọ ọ́ ní "ìtanràn ojoojúmọ́". Ẹni tó bá kà á á rò pé àràárọ̀ ni èèyàn yóò máa san án títí! Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á wo iye tó ń wọlé fún ẹni náà, wọ́n á fi mọ iye tí ọjọ́ kan rẹ̀ jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni yóò wá sọ iye ọjọ́ tí yóò san. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bu yúrò 121,000 lé olówó kan ní erékùṣù Åland lọ́dún 2023, torí pé ó sá 82 níbi tí gbèdéke ti jẹ́ 50. Ẹni tí kò rí jájẹ tó sá eré kan náà kò ní sún mọ́ iye yẹn. "Ìtanràn ìwọ̀n-àpò" ni tèmi, torí bí àpò bá ṣe jinlẹ̀ tó ni.

Àmì orí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ náà nílò orúkọ méjì. Ní Jámánì, bí awakọ̀ bá ṣe ń lùfin ni wọ́n ń kó àmì jọ sí i lọ́rùn. Bó bá pé 8, ìwé àṣẹ lọ nìyẹn. Ní ìlú ọba náà, kíkójọ ni. Ṣùgbọ́n ní Faransé, awakọ̀ tó ti gbó ní 12 lọ́wọ́, ní Ítálì ó ní 20, wọ́n wá ń yọ ọ́. Bí ẹ bá kọ̀wé pé "lágbájá ní àmì 2", ní ibì kan ara rẹ̀ balẹ̀, ní ibòmíràn ó ti fẹ́ kú tán. Àmì ẹ̀ṣẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń kó jọ. Àmì ìwé àṣẹ fún èyí tí wọ́n ń yọ.

Ọlọ́kọ̀ ńkọ́? A ń fi pe ẹni tó ni ọkọ̀, a sì ń fi pe ẹni tó ń wà á. Ní Nẹ́dálándì, ẹni tí nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ ni ìwé ń bá. Jámánì ń wá ojú ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi máa ń wà nínú ìwé wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ "ẹni tó ni ọkọ̀" àti "awakọ̀", bó tilẹ̀ gùn.

Àlẹ̀mọ́, orúkọ tí a ti fẹnu kò lé lórí fún ohun tí Swítsàlandì àti Ọ́stríà ń tà fún ẹni tó fẹ́ gun ọ̀nà márosẹ̀ wọn ti ń gbó mọ́ wa lọ́wọ́. Lóòótọ́, ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni látilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023, Swítsàlandì náà ti ń ta èyí tí a kì í lẹ̀ rárá, nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Owó ibodè ní irú àrùn yẹn: ní ọ̀nà A13 láàárín Paris àti Normandy, wọ́n ti hú ibodè kúrò, ẹ ó kàn kọjá ni, kí ẹ wá san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 72. Ẹni tó ń wojú ọ̀nà fún ibodè, tí kò rí i, á rò pé ọ̀fẹ́ ni. Owó ọ̀nà ni kí á máa pè é. Ó kúrú, kò sì sí ohun tí wọ́n lè hú kúrò nínú rẹ̀.

Lórí kámẹ́rà tó ń ká eré mọ́ awakọ̀, "adènà" tí àwọn kan fẹ́ máa pè é dùn, ṣùgbọ́n kò bá èyí tí Ítálì ń pè ní Tutor mu. Ìyẹn kì í dènà de ẹnikẹ́ni. Á ka nọ́ńbà ọkọ̀ níbi kan, á tún kà á níwájú, á wá fi àkókò pín ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 13, tí gbèdéke jẹ́ 130, ìṣẹ́jú 6 ló yẹ kí ẹ lò. Bí ẹ bá lo 5, eré yín jẹ́ 156, bíréèkì tí ẹ sáré tẹ̀ nígbà tí ẹ rí i kò sì ṣe nǹkan kan. Kámẹ́rà oníṣirò ni.

Bí mo bá tún ìwé ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ lónìí, báyìí ni mo máa kọ ọ́:

"Ìwé owó ìtanràn. Ọkọ̀ tí ẹ wà sá eré àsákọjá ní ọ̀nà márosẹ̀: gbèdéke 130, eré tí a kà sí yín lọ́rùn 139. Owó yìí yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ tí ẹ ti háyà ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 5 tí ìwé yìí tẹ̀ yín lọ́wọ́, ìdá 30 nínú 100 yóò kúrò níbẹ̀."

Gbólóhùn tó sọ nípa owó iṣẹ́ kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi èdè Ítálì kọ. Èmi ni mo fi kún un. Ẹni tó bá rò pé atúmọ̀ èdè kò láṣẹ bẹ́ẹ̀, kó wá bá mi jà.