Ínṣì mélòó ni kí n fi gbé Land Cruiser 80 mi sókè?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú jíìpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Land Cruiser 80 ọdún 1996 ni mò ń wà n'Íbàdàn. Ọ̀nà Ológunẹrú sí Èrúwà ni mo máa ń gbà lọ sóko. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ti rọ̀ pátápátá: tí mo bá ti di àpò gàrí sẹ́yìn báyìí, ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀, bọ́ńpà á máa ha ilẹ̀ ní gbogbo kòtò.

Mo fẹ́ pààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ínṣì 2 ló wù mí, àmọ́ mẹkáníìkì mi ní kí n kúkú ṣe 4. Ọ̀rọ̀ sítíárìn ló ń kọ mí lóminú. Tí iwájú bá ga jù, igun àásìlì á yí, sítíárìn ò ní máa dá padà fúnra rẹ̀ mọ́, ọkọ̀ á sì máa fì lórí eré. Okùn bíréèkì náà lè kúrú. Màmá mi ń wọ ọkọ̀ yìí, mi ò lè fi ìyẹn ṣeré rárá.

Ṣé ínṣì 2 tó fún táyà ínṣì 33? Ṣé dandan ni kí n yí búṣì iwájú padà kí igun àásìlì lè bọ̀ sípò? Ṣé èèyàn lè rí ojúlówó sípíríǹgì ní ọjà páàtì ọkọ̀ Àrárọ̀mí, ní Gate? Mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn fi irin ti sípíríǹgì àtijọ́ sókè.