Ọ̀gá mi ní kí n fún gbogbo àwòrán CT pọ̀ ní lossy. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń ya CT (àwòrán X-ray tó ń fi inú ara hàn ní ègé-ègé), X-ray àyà àti X-ray ọmú. Sáfà tí à ń tọ́jú àwòrán sí ti fẹ́ kún. Ọ̀gá mi ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ di JPEG lossy (ìfúnpọ̀ tó máa ń ju díẹ̀ nínú àwòrán nù), kí ó dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó ti wo ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀, kò rí ìyàtọ̀. Dókítà tó ń ka àwòrán ní bí mo bá dán an wò, òun ò ní buwọ́ lu èsì kankan mọ́. Àárín àwọn méjèèjì ni mo há sí báyìí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Sáfà: Àbúrò, ta ló ń fi fóònù ka CT? Bíìtì 12 ni píksẹ́lì CT sábà máa ń ní, ìyẹn ìpele 4,096 láti dúdú sí funfun. JPEG tí fóònù ń lò, bíìtì 8 ló mọ, ìpele 256 péré. Dókítà á wo ẹ̀dọ̀fóró, á yí window (apá ìpele tí ó fẹ́ kí ojú rí lẹ́ẹ̀kan náà) padà, á wo egungun, á tún yí i. Window kan ṣoṣo ni ọ̀gá rẹ rí. Ìbéèrè tèmi rèé: báwo ni àwọn fáìlì yẹn ṣe wà lórí sáfà báyìí? Ṣé wọ́n ti fún wọn pọ̀ rí, àbí bí ẹ̀rọ ṣe tú wọn jáde ni wọ́n ṣì wà?

Dókítà Alẹ́: Èmi náà ń ka àwòrán, àmọ́ ẹ má sọ lossy di májèlé. X-ray àyà tí wọ́n fi JPEG 2000 (irú JPEG mìíràn tó dé lẹ́yìn ti àtijọ́) fún pọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, mo ti wò ó pẹ̀lú ojúlówó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, n kò lè dá wọn mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ultrasound gan-an, lossy ni wọ́n fi ń gbé àwòrán jáde. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àwòrán ní Kánádà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ìwọ̀n tí wọ́n fara mọ́ sílẹ̀, oríṣi àwòrán kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Torí náà, "gbogbo rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá" tí ọ̀gá rẹ sọ yẹn ò bá ibì kankan mu. Ti ọmú ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Èérún kálísíọ́mù tó kéré bí iyẹ̀pẹ̀ ni à ń wá níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn, ò gbà kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní lossy.

Olùkọ́ Ìṣirò: Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú JPEG 2000 ni pé bí ó bá bàjẹ́, ó máa ń lẹ́wà. JPEG àtijọ́ á fi igun mẹ́rin-mẹ́rin hàn ọ́, ìwọ náà á mọ̀ pé ó ti ṣe àṣejù. Ti JPEG 2000 á kàn máa dán, bí ẹni fi aṣọ nù ún. Ẹni tó ń wò ó á rò pé ẹ̀rọ wọn dára ni.

Akọ̀wé DICOM: Ẹ má gbàgbé àmì (0028,2110) nínú fáìlì DICOM, ìyẹn irú fáìlì tí àwòrán ìṣègùn ń lò. 00 ló máa ń wà níbẹ̀ fún àwòrán tí lossy ò kàn rí. Bí lossy bá ti kàn án lẹ́ẹ̀kan, 01 ni, kò sì gbọdọ̀ padà sí 00 mọ́, kódà bí o bá tú fáìlì náà padà sí ńlá.

Olùbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Sáfà, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Explicit VR Little Endian ni wọ́n, ìyẹn irú fáìlì DICOM tí wọn ò fún pọ̀! Ẹnikẹ́ni ò fún wọn pọ̀ rí. 512 lọ́nà 512, báìtì méjì fún píksẹ́lì kan, ìdajì MB ni ègé kan ń jẹ. Aláìsàn kan tó ní ègé 1,000, ó ti lọ sí 500 MB nìyẹn. Mo fi JPEG-LS lossless (ìfúnpọ̀ tí kì í ju ohunkóhun nù) dán ogún aláìsàn wò lálẹ́ àná, wọ́n dín sí bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Àwọn ègé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni kò dín tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sáfà: Mo fura! Ariwo (àwọn èérún àmì tí kì í ṣe ara aláìsàn) ló pọ̀ nínú ègé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ariwo ò sì ṣeé fún pọ̀. Bi dókítà bóyá ó nílò láti tọ́jú gbogbo wọn, tàbí èyí tó nípọn tí wọ́n fi kọ èsì ti tó. Ibẹ̀ ni àyè gidi wà. Kí o tó pa ojúlówó rẹ́, tú èyí tí o fún pọ̀, kí o fi wọ́n wéra ní píksẹ́lì sí píksẹ́lì. Kí o sì rí i dájú pé ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wò ó lè ṣí JPEG-LS. Fún ọ̀gá rẹ ní lossy tirẹ̀ fún ẹ̀dà tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí fóònù, inú rẹ̀ á dùn.

Olùbéèrè: Ó ti dùn ná. Dókítà ní òun fẹ́ jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń fi wọ́n wéra. CT ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí.