Abẹ́rẹ́ kabúrétọ̀ méjì, wọn ò rí bákan náà: èwo ni kí n lò?

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ọ̀kadà 125 ni mo ń gùn, irú ẹnjíìnì CG yẹn, kabúrétọ̀ PZ27 ló wà lára rẹ̀. Gàrí ni mo fi ń kó láti oko, mo sì máa ń gbé èrò dé Òrù àti Agọ́-Ìwòyè. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, inú táǹkì ni gbogbo èrè mi ń wọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra kíìtì kabúrétọ̀ tuntun, tí mo sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀.

Ó ń sítáàtì wẹ́rẹ́, sílò rẹ̀ (bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láìlọ́ iná) dúró. Àmọ́ tí mo bá ti lọ́ iná dé ìdajì, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì, èéfín dúdú á máa tú jáde. Tí mo bá wá lọ́ ọ tán pátá, á já gaara. Mo tú púlọ́ọ̀gì, ó dúdú, ẹ̀ẹ́dú gbígbẹ ló bò ó lẹ́nu.

Abẹ́rẹ́ méjèèjì wà lórí bébà funfun níwájú mi báyìí. Gígùn wọn dọ́gba. Ti àtijọ́ nípọn títí dé nǹkan bí àárín kó tó máa tín-ín-rín lọ sí ẹnu. Ti tuntun, òkè lọ́hùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ti àtijọ́ tún ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Ojú ìlà márùn-ún tí kílíìpù ń wọ̀ ló wà lára méjèèjì, ìlà àárín ni mo sì fi kílíìpù sí. Èwo ni kí n lò? Àbí jẹ́ẹ̀tì ńlá, ìyẹn irin onihò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀, ni kí n wá èyí tó kéré sí?

Ọlọ́kadà, Ìlíṣàn:
Má da ara ẹ láàmú, arákùnrin. Gbé kílíìpù sí ìlà òkè pátápátá, epo á dín. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn látìgbà tí epo ti wọ́n.

Mẹkáníìkì, Ṣágámù:
Ẹ̀gbọ́n Ìlíṣàn, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀kadà tó ń ru gàrí kì í ṣe èyí tí à ń fi epo dù. Bí epo ò bá tó afẹ́fẹ́, ẹnjíìnì á máa gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Púlọ́ọ̀gì á funfun, sálẹ́ńsà á máa yìn pọ́ pọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá dá iná padà, bó bá sì pẹ́, ó lè jó orí pisitini. Owó epo tẹ́ ẹ rí pamọ́ níbẹ̀ ò lè ra pisitini àti ríìngì.

Àbúrò Ìjẹ̀bú-Igbó, o ṣeun tó o sọ ibi tó ti ń jẹ́ẹ̀kì gan-an, torí ibẹ̀ la ti ń mọ ohun tó ń ṣe é. Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ iná, títí dé bí 1/4, jẹ́ẹ̀tì kékeré, sikúrúù afẹ́fẹ́ àti ibi tí wọ́n gé nídìí slide (irin tí wáyà ọwọ́ iná ń fà sókè nínú kabúrétọ̀, tó gbé abẹ́rẹ́ dání) ló ń ṣiṣẹ́. Láti 1/4 dé 3/4, abẹ́rẹ́ ló ni ín. Láti ibẹ̀ lọ sókè, jẹ́ẹ̀tì ńlá. Tìẹ ń já gaara nígbà tó o bá lọ́ ọ tán, nítorí náà fi jẹ́ẹ̀tì ńlá sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwa tí à ń gbé ẹrù, àárín yẹn náà la máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ lepo wa ń lọ.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Inú túùbù kékeré kan ló ń wọ̀, àlàfo tó bá ṣẹ́ kù láàárín òun àti ẹnu túùbù lepo ń gbà jáde. Bó o ṣe ń lọ́ iná ni slide ń fà á sókè, ibi tó tín-ín-rín á bọ́ sí ẹnu túùbù, àlàfo á fẹ̀. Ti tuntun tètè tín-ín-rín, torí náà àlàfo rẹ̀ ti fẹ̀ jù kó o tó dé ìdajì. Èéfín dúdú tó ò ń rí nìyẹn. Ìyàtọ̀ tí ojú ò lè rí pàápàá ń ka nǹkan: àwọn Keihin tó ń ṣe kabúrétọ̀ ń ṣe abẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé mm 0.01 péré ni ọ̀kan fi nípọn ju èkejì lọ, irun orí sì nípọn jùyẹn lọ dáadáa.

Má torí ẹ̀ dá ti àtijọ́ padà o. Ẹ̀gbẹ́ kan tó ń dán yẹn, ibi tó ti ń gbo ẹnu túùbù ni. Ihò tó yẹ kó rí róbótó á ti fẹ̀ sápá kan, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló ti ń mu epo kó o tó ra kíìtì. Abẹ́rẹ́ àti túùbù jọ ń gbó ni, ó yẹ ká jọ pààrọ̀ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́, Agọ́-Ìwòyè:
Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kó tó kan abẹ́rẹ́, ṣé ẹ ti wo fílítà afẹ́fẹ́, ẹ̀gbọ́n? Eruku ọ̀nà oko Ìjẹ̀bú-Igbó lásìkò ọyẹ́ kì í ṣe kékeré. Tí fílítà bá dí, epo á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ̀ẹ́dú á mú púlọ́ọ̀gì. Ẹ tún wò ó bóyá chóòkù ń padà tán. Tí ẹ bá rí ẹni tó ní kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, ẹ wọn abẹ́rẹ́ méjèèjì láti òkè lọ sísàlẹ̀ ní mm 10, mm 10, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún yí wọn gbirigbiri lórí gíláàsì: èyí tó bá wọ́, á máa gbọ̀n.

Mẹkáníìkì, Ṣágámù:
Òótọ́ ló sọ, fílítà ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà, lẹ téépù funfun mọ́ ìdí ọwọ́ iná, fi bírò sàmì sí 1/4, ìdajì àti 3/4, kó o má bàa máa fojú díwọ̀n. Pa epo ní ẹnu táǹkì, ṣí ìdérí kabúrétọ̀, fa slide jáde pẹ̀lú sípíríìnì. Tẹ́ aṣọ sábẹ́ ọwọ́ ẹ, torí kílíìpù yẹn ń fò, tó bá já sínú iyẹ̀pẹ̀, ó parí. Gbé kílíìpù abẹ́rẹ́ tuntun sókè ní ìlà kan péré. Bí kílíìpù bá lọ sókè, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, epo á dín. Bó bá lọ sísàlẹ̀, epo á pọ̀ sí i. Nígbà tó o bá ń dá slide padà, ibi tí wọ́n gé nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí fílítà. Kó o tó sítáàtì, lọ́ iná kó o sì fi í sílẹ̀, kó o gbọ́ kó dún kó padà délẹ̀. Tó bá há sókè, ọ̀kadà á bá ẹ sáré.

Wá ọ̀nà tí ò sí èrò, má lo ojú márosẹ̀. Fi púlọ́ọ̀gì tó mọ́ sí i, lọ́ iná dé ìdajì, jẹ́ kó dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, tẹ kílọ́ọ̀ṣì, pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́ kó tutù, kó o tú púlọ́ọ̀gì. Àwọ̀ ilẹ̀ là ń wá.

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ọ̀gá, ẹ ṣé gan-an. Eruku pupa ló kún inú fílítà, mo ti fọ̀ ọ́. Mo gbé kílíìpù ti tuntun sókè ní ìlà kan. Èéfín dúdú ti lọ, ó ń fa ẹrù ní ìdajì láìjẹ́ẹ̀kì. Púlọ́ọ̀gì ti kúrò ní dúdú, ó ń pọ́n bọ̀. Ohun kan ló kù: tí mo bá ti dúró, tí mo fẹ́ gbéra pẹ̀lú àpò gàrí, á fẹ́ kú díẹ̀ kó tó gbà.

Mẹkáníìkì, Ṣágámù:
Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ mọ́, ìsàlẹ̀ 1/4 ni. Níbo ni sikúrúù kékeré ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀ wà? Tó bá wà níhà fílítà, afẹ́fẹ́ ló ń yí: rírọ̀ ọ́ wọlé ń fi epo kún un. Tó bá wà níhà ẹnjíìnì, epo ló ń yí: títú u síta ló ń fi epo kún un. Èèyàn á yí i sódì, á wá máa bú abẹ́rẹ́.

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìhà ẹnjíìnì ló wà, ọ̀gá.

Mẹkáníìkì, Ṣágámù:
Jẹ́ kí ẹnjíìnì gbóná dáadáa, kó o tú u síta díẹ̀díẹ̀, ìdámẹ́rin yíyí lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí sílò bá ti ga jù, tó sì ń dún geere, dúró níbẹ̀. Sílò á ti ga jù bó ṣe yẹ, fi sikúrúù sílò dá a padà. Ní ti túùbù, mú èyí tó wà lára rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kó o tò wọ́n ti ọlọ́jà kó o tó sanwó. Tí ọ̀nà bá gbé ẹ dé Sábó, kálípà wà lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́kadà, Ìlíṣàn:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tèmi wò. Púlọ́ọ̀gì funfun báláú, ó sì máa ń yìn tí mo bá ń sọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́. Ṣé kí n sọ kílíìpù kalẹ̀ ní ìlà kan?

Mẹkáníìkì, Ṣágámù:
Ìlà àárín ni kẹ́ ẹ dá a padà sí, ẹ̀gbọ́n. Kẹ́ ẹ ṣe é lálẹ́ yìí kẹ́ ẹ tó gbé èrò lọ́la, kẹ́ ẹ sì wo rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹnjíìnì. Tó bá ti sán, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, ibi yòówù kẹ́ ẹ fi kílíìpù sí.