Owó ìlò oṣooṣù ní ilé-iṣẹ́ àjùmọ̀lò wa ní Kàbà: ibi tó parí sí

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní kí n wá parí ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo bèèrè nígbà yẹn bí a ṣe lè gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń jọ lo irinṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wa láìsí ìjà, àti bí àwọn ará Ìsánlú ṣe máa gbọ́ nípa wa.

Owó ìlò oṣooṣù la pa tì. Ẹni tó ń gbẹ́ àga kan péré lóṣù ò lè san iye kan náà pẹ̀lú ajórin tó ń lo jẹnẹrétọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní báyìí, 500 náírà lójúmọ́ ni. Ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ á ra epo tirẹ̀. Ìwé wà lẹ́nu ọ̀nà, a fi okùn so bírò mọ́ ọn (mẹ́ta ti sọnù!), ẹni tó bá san á kọ orúkọ, akápò á sáìnì sí i. Ariwo ti rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ṣì jẹ wá ní 4,000, à ń fi ẹ̀sọ̀ bá wọn sọ ọ́.

Ti ìpolówó ńkọ́? Ìwé ìléwọ́ tí a tẹ̀, ẹ̀pà ni wọ́n fi í dì. Ẹ̀rọ tí a ṣe láti rin ẹ̀gẹ́ la gbé lọ sọ́jà. Ìyá kan gbé agbọ̀n tiwọn wá. Kí wọ́n tó tún gèlè wé, ẹ̀gẹ́ ti kúnná. Lọ́sẹ̀ kejì, èèyàn mẹ́rin dé láti Ìsánlú.

Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn nígbà yẹn pé kí iṣẹ́ polówó ara rẹ̀, ẹ ṣé gan-an. Mo pa ọ̀rọ̀ náà dé níbí. Ẹni tí bírò wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, jọ̀ọ́, kó dá a padà.